Oògùn Tí A Kò Fún Aláìsàn

Lílo oògùn bó ṣe yẹ ní ìtumọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ní ìlú Nairobi ní ọdún 1985, níbi ìpàdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè: kí aláìsàn gba oògùn tó bá àìsàn rẹ̀ mu, ní ìwọ̀n tó bá ara rẹ̀ mu, fún iye ọjọ́ tó tó, ní owó tó kéré jù lọ fún òun àti fún àwùjọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ó mú ẹlòmíràn tí kò sí nílé ìwòsàn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá mú gègé láti kọ oògùn, ta gan-an ló ń tọ́jú?

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba ni ìbéèrè yìí ti máa ń le jù. Ibà, ikọ́, ọ̀fìnkìn àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ibẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ikọ́ àti ọ̀fìnkìn, oògùn apakòkòrò bí amoxicillin kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ nílò omi oníyọ̀ àti ṣúgà, pẹ̀lú síńkì. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí a bá fura pé ó ní ibà wò kí a tó fún un ní oògùn ibà. Síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí àyẹ̀wò sọ pé kò sí ibà, kí ìwé oògùn sì sọ pé ó wà.

Àánú ló sábà máa ń fa èyí. Ìyá tó ti jí jáde ní ìdájí, tó san owó ọkọ̀, tó sì tò títí oòrùn fi mú, kò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Abẹ́rẹ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, torí wọ́n gbà pé òun ló ń tètè jẹ́. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí òun kò bá fún un, oní-kẹ́mísì ẹ̀bá ọ̀nà yóò fún un. Ló bá gún un ní abẹ́rẹ́ fítámìn, tàbí kí ó fi oògùn apakòkòrò kún pàrásítámọ́ọ̀lù, ọkàn àwọn méjèèjì sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú àánú yìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ la ẹnu. Ẹni tó fúnni ní oògùn ti sọ pé yóò ṣiṣẹ́, nígbà tó mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́. Ìyá ló ń san owó rẹ̀, ara ọmọ ló ń gba ìrora rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àìsàn tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ yóò lọ, ìyá yóò sì gbà pé abẹ́rẹ́ ló lé e lọ. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá tún dé, abẹ́rẹ́ náà ni yóò wá béèrè, yóò sì ṣòro fún ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Babaláwo kì í ṣàdédé já ewé. Ó ní láti kọ́kọ́ dá Ifá, kí ó mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó wá, kí ó tó mọ ohun tí yóò fún un. Ìgbà mìíràn wà tí kò ní ju ẹbọ tàbí àyípadà ìwà lọ, láìsí àgbo kankan. Ẹni tó wá ń gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ni a ti wádìí ọ̀ràn rẹ̀, a sì bá a sọ̀rọ̀ kúnnákúnná. Bóyá ohun tí ìyá tó ń béèrè abẹ́rẹ́ ń wá gan-an nìyẹn.

Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisílìnì ní 1928, gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kalẹ̀ nínú àsọyé tó ṣe nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ó ní kí a ro ti ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tó ra pẹnisílìnì fúnra rẹ̀, tó lo ìwọ̀nba tí kò lè pa kòkòrò, àmọ́ tó tó láti kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn. Ó kó o ran ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí òtútù àyà mú obìnrin náà, pẹnisílìnì kò ràn án mọ́, ó sì kú. Fleming béèrè ẹni tó jẹ̀bi ikú yìí, ó sì dáhùn pé ọkọ ni.

Ìdájọ́ náà rọrùn nítorí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tó jìyà wà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ti mọ bí a ṣe ń borí oògùn ní abúlé kan lè kọlu ọmọ ọwọ́ ní ìlú mìíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tó lè tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ìwé oògùn, tàbí ẹni tó pín oògùn ara rẹ̀ sí méjì kí ó lè fi ìdajì pamọ́ fún àbúrò. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ló kú ní 2019 nítorí bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Ẹ̀bi tó pín sí ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò torí bẹ́ẹ̀ di òfo. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn kéré débi tí kò fi ní dùn ún ni.

Ṣé ó wá tọ́ kí a du ẹni tó wà níwájú ẹni ní oògùn nítorí ẹni tí a kò rí? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí oògùn tí kò wúlò kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn lóore. Ibi tó ti le ni ti ọmọ tó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí àyẹ̀wò ní kò ní ibà, tí ilé rẹ̀ sì jìn. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ àwùjọ du irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn tó nílò ti ṣìnà gan-an bí ẹni tó ń pín oògùn bí àkàrà sàráà. Ìlànà ìtọ́jú ọmọdé ní kí a ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 5 mí tó ìgbà 40, òtútù àyà ni a ó kà á sí, amoxicillin sì di ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí èrò bá pọ̀, ó yá láti kọ oògùn ju kí a jókòó ka mímí ọmọ lọ. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ahun àti olóòótọ́.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ni kí a dá lẹ́bi. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bamako pé kí ilé ìwòsàn máa ta àwọn oògùn pàtàkì, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Àsìkò náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera ní Nàìjíríà, tó sì ń fi ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ètò ìlera. Ètò Bamako wúlò, torí pẹpẹ oògùn tó ṣófo kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwòsàn bá ń gbé ara rẹ̀ ró lórí oògùn tó tà, òtítọ́ tó bá dín títà kù yóò máa wọ́n. Ìjọba tó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ san owó oṣù rẹ̀ láti ibòmíràn, kí ó sì rí i pé ohun èlò àyẹ̀wò kò tán.

Ẹni tí a kò kọ oògùn fún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí àyẹ̀wò sọ, ìdí tí oògùn kò fi wúlò, àti iye ọjọ́ tí àìsàn náà sábà máa ń lò. Ó yẹ kí ìyá mọ̀ pé bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi mọ́, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí mímí rẹ̀ bá yára, kí ó gbé e padà wá kíákíá, kí ó sì dá a lójú pé a ó gbà á láìbínú.