Ta Ni Ìyìn Tọ́ Sí: Onídìrí Tàbí Ayafọ́tò?

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ní ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere, gbajúmọ̀ ayafọ́tò tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, láti ẹ̀yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ irun bí Onílé Gogoro yè, ti ayafọ́tò yè. Ti onídìrí ńkọ́? Ká ní kò yà wọ́n, títú irun ìbá ti pa ẹwà náà rẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ onídìrí ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ Ojeikere gbé àwòrán náà tọ àwọn ìyá onídìrí ìlú wọn lọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn náà sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ láìmọ òṣìṣẹ́, ààbọ̀ ìmọ̀ ló ní.