Ìròyìn àti Ìṣègbè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ǹjẹ́ a lè gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣàn pé wọn kì í ṣègbè? Àwọn kan á ní, “Rédíò ni ó sọ ọ́,” ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn. Ní 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ojú ìjọ àti ojú Abẹ́òkúta ni ó fi ń wo ayé. Ní 1949, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ S. L. Akíntọ́lá dá Daily Sketch sílẹ̀. Ìbàdàn kan náà ni a ti ń tẹ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ọ̀kan láìka èkejì ní ìgbà rògbòdìyàn náà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀.

Ti rédíò tún gba àròjinlẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bá ẹgbẹ́ Action Group wí lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ bèèrè àyè láti fèsì, wọn kò fún un. Èyí wà lára ohun tí ó bí WNTV, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn ní 1959. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn tí ó kọ́lé náà ni kò rí àyè fèsì mọ́. Ní 1965, wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká pé ó fi ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, ibi tí a bá ti sé ọ̀nà mọ́ èsì, ipá ni í wá ọ̀nà wọlé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni a fi ń ṣègbè. A ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe é pẹ̀lú. Ẹ wo Àgọ́-Àmọ́dù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ Òkè-Ògùn ń bọ́ ènìyàn tí ó jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ta ni ń ròyìn wọn? Ó di ìgbà tí àgbẹ̀ àti darandaran bá kọlu ara wọn kí a tó gbọ́ orúkọ àgbègbè náà. Òótọ́ lè wà nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ wọn sì di irọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹnu ìhà kan ṣoṣo ni a gbọ́, aláìṣẹ̀ ni yóò fi ẹ̀mí dí i: àgbẹ̀ tí ó dá wà lóko, tàbí Fúlàní tí a bí sí ìtòsí ibẹ̀, tí kò jalè rí.

Ṣé kí a wá ka gbogbo oníròyìn sí òpùrọ́? Rárá o. Ìṣègbè yàtọ̀ sí irọ́. Kò sí ẹni tí kò ní ibi tí ó dúró sí wòran. Ohun tí ó tọ́ kí a bèèrè lọ́wọ́ oníròyìn ni pé kí ohun tí ó sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ó sì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti fèsì.

Iṣẹ́ tó kù, tiwa ni. Kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bèèrè pé: Ta ni ó ni ìròyìn yìí? Ta ni yóò jèrè rẹ̀? Ohùn ta ni a kò gbọ́? Ẹni tí ó ń ka ìròyìn, adájọ́ ni; adájọ́ kì í sì í gbọ́ ẹnu ẹnìkan dájọ́.