KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ PERLI RẸ?

Kà: Matteu 13:45-46, 1 Samuẹli 16:7
Àkọ́sórí: Òwe 11:1

Arábìnrin kan mú fóònù rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn perli ni ó fẹ́ kí n wò. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, owó àjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni ó sì fẹ́ fi rà á. Ẹni tí ń tà á kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ojúlówó perli ni, àdámọ́ láti inú òkun.

"Dádì, ẹ bá mi wò ó, ṣé òótọ́ ni?"

"Ọmọ mi, àwòrán kò lè sọ fún wa."

Olùfẹ́, perli àdámọ́ ni èyí tí ẹran omi kan tí ń gbé inú ìkarahun ṣe fúnra rẹ̀. Ohun kan wọ inú ara rẹ̀, ó ń fi omi ara rẹ̀ bò ó ní ìpele ìpele títí ó fi ń dán. Ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Perli ọ̀sìn ńkọ́? Ènìyàn ni ó ṣí ìkarahun náà, tí ó ki nǹkan bọ̀ ọ́, tí ó dá a padà sínú omi, tí ó sì wá kórè rẹ̀. Ẹ mọ ẹja odò, ẹ sì mọ ẹja ọ̀sìn. Ní ọdún 1893, Kokichi Mikimoto rí àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Jàpáàní, àbọ̀ róbótó ni. Lónìí, ọ̀sìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú perli ọjà.

Ẹ kíyèsí i o, perli ọ̀sìn kì í ṣe ayédèrú. Nítorí náà "ojúlówó" tí òǹtajà yẹn kọ lè má jẹ́ irọ́. "Àdámọ́" ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn kan a máa fi perli ra eyín. Bí ó bá ń yọ̀, gíláàsì tàbí ike ni. Bí ó bá rí bí iyanrìn, perli ni. Ṣùgbọ́n àdámọ́ àti ọ̀sìn ni ó rí bí iyanrìn! Àwọn mìíràn a fi awò wo inú ihò tí okùn gbà kọjá, bóyá wọn yóò rí kóró tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ perli ọ̀sìn láti inú omi tútù Ṣáínà kò sì ní kóró kankan. Ẹ̀rọ X-ray ní ilé àyẹ̀wò ni ó ń fi inú rẹ̀ hàn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ta àdámọ́ fi gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ilé àyẹ̀wò lọ́wọ́.

Ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1917, ní New York, Cartier fi ìlẹ̀kẹ̀ perli àdámọ́ olókùn méjì, tí wọ́n dá iye lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún dọ́là, gba odidi ilé ńlá kan. (Ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà nínú ilé náà.) Nígbà tí perli ọ̀sìn ti kún ọjà, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ní 1957, kò tó 200,000 dọ́là.

Oníṣòwò inú Matteu ta gbogbo ohun tí ó ní. Ìwọ rò ó wò, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó tà á fún un purọ́ ńkọ́?

Arábìnrin wa béèrè ìwé ẹ̀rí. Èsì tí ó gbà ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún èmi náà." Ẹsẹ Bíbélì ni ó sì wà lókè ojú ìwé tí ó ti ń tajà o! Èyí dùn mí ju owó lọ. Púpọ̀ nínú wa ń tajà lórí fóònù: léèsì, góòlù, oyin. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi" kì í ṣe ẹ̀rí níwájú Ẹni tí ń wo ọkàn. Bí o kò bá mọ̀, kọ ọ́ pé o kò mọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ó kọ ọ́ gbangba pé ọ̀sìn ni, ni ó ti ra ti ìyá rẹ̀, owó àjọ sì ṣẹ́kù. Màmá bi í bóyá ojúlówó ni.

"Ojúlówó ni, Mọ́mì. Ọ̀sìn ni."

Àdúrà: Bàbá, fi ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ ọjà mi tí kì í ṣe òtítọ́ hàn mí lónìí, kí O sì fún mi ní ìgboyà láti pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ní orúkọ Jésù.