Ṣé Àbá Àìdáa Ni Kí Á Béèrè Ẹ̀rí? Ọ̀rọ̀ Lórí Aago Olówó Ńlá Tí A Ń Rà Láti Òkèèrè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ ìpayà Ọlọ́hun fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé aago ọwọ́ ni. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn ará wa nínú jámáà yìí wá bá wa lórí aago Rolex tàbí irú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Dubai tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan fẹ́ fi ta ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbéyàwó lọ́rẹ. Ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ara òun lóore. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí ó ti yọ sàká rẹ̀, tí ebi kò pa ará ilé rẹ̀, a kò ní ẹ̀rí tí a ó fi sọ pé kí ó má ra ohun tí ó dára. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ra oníwúrà ni kí ó dúró ná: wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin nínú ẹ̀sìn yìí, bí ó ti wù kí orúkọ aago náà lókìkí tó. Kí ó ra onírin, ọ̀rọ̀ wa ṣì kàn án.

Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ ni ìdáhùn kan tí a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. A bi wọ́n pé ẹ̀rí wo ni wọ́n ní pé ojúlówó ni aago náà, àti pé kì í ṣe ẹrù olè. Wọ́n ní, "Àfáà, Mùsùlùmí ni ọkùnrin náà. Àlàájì ni. Bí mo bá ń bi í ní gbogbo èyí, ṣé kò ní dà bí ẹni pé mo ń fura sí i?"

Ìbéèrè gidi ni, a kò gbọdọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Nínú Súrà Al-Hujurat, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á máa dá àbá púpọ̀ nípa ara wa, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń bẹ̀rù kí òun má ṣẹ arákùnrin òun, ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á ka Súrà kan náà láti òkè wá. Kí á tó dé ibi tí Ó ti kọ àbá dídá, Ó ti pàṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ dájú, kí á má baà ṣe ohun tí a ó kábàámọ̀. Àṣẹ méjèèjì wà nínú Súrà kan ṣoṣo, wọn kò sì ta ko ara wọn. Àbá àìdáa ni pé kí o dá ènìyàn lẹ́bi nínú ọkàn rẹ láìní ẹ̀rí. Ẹni tí ó ń wádìí kò tí ì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí ni ó ń wá, ẹ̀rí náà sì lè dá olùtajà láre.

Ẹ wo Ànábì fúnra rẹ̀. Ta ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ? Síbẹ̀, nígbà tí ó ra oúnjẹ láwìn lọ́wọ́ Júù kan ní Mẹ̀dínà, ẹ̀wù irin rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdógò, ó sì wà ní ìdógò náà lórí ọgbọ̀n òṣùwọ̀n ọkà bálì títí ó fi jáde láyé. A kò gbọ́ pé ó bínú sí ẹni tí ó gba ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ó ra ẹṣin lọ́wọ́ Lárúbáwá oko kan. Kí wọ́n tó dé ibi tí yóò ti san owó, àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹṣin náà, wọn kò mọ̀ pé a ti tà á. Ni ọkùnrin náà bá sẹ́, ó ní kí Ànábì mú ẹlẹ́rìí wá. Khuzayma ọmọ Thabit ni ó jẹ́rìí sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Ànábì kì í purọ́. Ànábì sì sọ ẹ̀rí rẹ̀ nìkan di ẹ̀rí ẹni méjì. Bí ọjà tí ẹni tí ó lọ́lá jùlọ lórí ilẹ̀ fi ẹnu ná bá lè dé ibi tí a ti ń wá ẹlẹ́rìí, tiwa ńkọ́? Āyà tí ó gùn jùlọ nínú Al-Kùránì, èyí 282 nínú Súrà Al-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Àwọn sàábé ni ó sì kọ́kọ́ bá wí, kì í ṣe àwa.

Ní ti pé "Àlàájì ni", wọ́n gbà á wá nípa Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé ẹnì kan ń yin ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá ó ti bá a rin ìrìn-àjò, bóyá owó ti da àwọn méjèèjì pọ̀ rí. Ó ní rárá sí gbogbo rẹ̀. Umar ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mọ́sálásí ni ó ti rí i tí ó ń forí kanlẹ̀ tí ó sì ń gbé e sókè. Ó ní kò mọ ọkùnrin náà. Àwa tí a mọ ènìyàn lórí WhatsApp, fọ́tò tí ó yà níwájú Kaaba ni a rí. Fọ́tò náà kò sọ nǹkan kan fún wa nípa aago tí ó ń tà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé kéwú yóò rántí Risala, ìwé Ibn Abi Zayd al-Qayrawani tí ó kú ní ọdún 386 Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 996. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò rí aago ọwọ́ rí, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé kò sí aburú nínú kí á ta ohun tí kò sí nítòsí bí a bá ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó wá fi kún un pé kí á má fi sísan owó ṣáájú ṣe májẹ̀mú, àfi bí ibi tí ohun náà wà bá súnmọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ ohun tí ọkàn balẹ̀ pé kò ní yí padà, bí ilé, ilẹ̀ tàbí igi. Aago kì í ṣe ilé. Dubai kò sì súnmọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpèjúwe ná. "Rolex ni, ó mọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa" kì í ṣe àpèjúwe. Ẹ mú Submariner ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà kan wà tí ó ń sọ irú èyí tí ó jẹ́, bíi 126610LN tí ó jáde ní ọdún 2020. Nọ́ńbà mìíràn wà tí ó jẹ́ ti aago kan ṣoṣo yẹn. Lára àwọn tí wọ́n ṣe láìpẹ́, wọ́n fín in sí òrùka inú tí ó yí ojú aago ká. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà lórí káàdì ìdánilójú mu, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á sì gbọ́dọ̀ hàn, nítorí pé ọdún márùn-ún ìdánilójú tí Rolex ń fún aago tuntun, ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ rà á ni wọ́n ti ń kà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olùtajà sọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀: ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ṣéènì rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀. Aago kan lè wà tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ayédèrú, ẹni tí ó tà á yóò sì búra pé Rolex ni. Ẹ rántí òkìtì oúnjẹ tí Ànábì ti ọwọ́ bọ̀ ní ọjà, tí ó bá omi nínú rẹ̀. Ó bi ẹni tí ó ni ín ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Oúnjẹ náà kì í ṣe ayédèrú. Bíbò tí a bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ẹ̀sùn náà.

Ohun mìíràn tún wà. Ànábì kọ̀ fún Hakim ọmọ Hizam kí ó máa ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní oníṣòwò aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò aago ẹlòmíràn ni wọ́n ń pín kiri. Ní kí ó kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ òní sórí ìwé, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aago, kí ó sì ya fídíò rẹ̀. Olóòótọ́ yóò ṣe èyí láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún láìbínú.

Ó kan owó. Ilé-iṣẹ́ Rolex kì í fúnra rẹ̀ ta aago fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé ìtajà tí ó fọwọ́ sí ni ó ń tà á, orúkọ wọn sì wà lójú ìkànnì rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni díẹ̀ nínú wọn ti ń ta àlòkù tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìdánilójú ọdún méjì. Ó máa ń wọ́n ju ti ọwọ́ ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹ̀rí wà nínú owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san ìyẹn, kí ó wá ọ̀nà tí owó kò fi ní dé ọwọ́ olùtajà kí aago tó dé ọwọ́ tirẹ̀. Àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wà, bíi Chrono24 ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n lè di owó olùrà mú títí tí yóò fi rí aago rẹ̀ gbà. Káàdì báńkì náà ní ọ̀nà tí a fi lè pe ẹjọ́ bí ohun tí a rà bá jẹ́ ayédèrú. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ránṣẹ́ tààrà láti báńkì sí báńkì, tàbí krípítò, bí ó bá ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbọ̀ mọ́.

Ní tèmi o, ọ̀nà tí ó bá Risala mu jùlọ ni kí a yan aṣojú. Ta ni nínú wa tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ojúlùmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai? Kí ó lọ sí ìsọ̀ náà, kí ó mú aago lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tó san owó. Kí á sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. A máa ń gbàgbé èyí.

Bí iye rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ gan-an ńkọ́? A mọ̀ pé wọ́n ń já irú aago wọ̀nyí gbà lọ́wọ́ ènìyàn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ibì kan ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni àkójọ tí wọ́n ń pè ní The Watch Register wà, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà aago tí ó sọnù tàbí tí wọ́n jí sí. Owó díẹ̀ ni a fi ń yẹ nọ́ńbà kan wò. Ẹni tí ó mọ̀ pé ó ṣeé yẹ̀ wò, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò rí, ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ̀.

Títí di ìsinsìnyí, olùtajà ni a ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí á wo olùrà. Àwọn oníṣòwò kan máa ń sọ pé: "A ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ọgọ́rùn-ún márùn-ún dọ́là ni, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà dà ọ́ láàmú." Inú ọ̀pọ̀ wa a máa dùn sí èyí. Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn báyìí, pé kí ni ìjọba ń fi owó náà ṣe? Ẹjọ́ ìjọba wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ìwé tí a kọ irọ́ sí, tìrẹ ni. Ìwọ tí o ń bẹ̀rù láti béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí o má baà ṣẹ̀ ẹ́, ìwọ náà ni o gbà kí ó purọ́ fún ọ. Láti ìgbà yẹn lọ o ti ní ẹ̀rí kan nípa rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ: ó máa ń kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú rìsíìtì. Kí ni yóò mú un sọ òtítọ́ fún ọ nípa ojú aago tí wọ́n pààrọ̀? Bí ẹrù náà bá sì sọnù lọ́nà, iye tí a kọ sílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò wò. Ilé-iṣẹ́ afẹ́rùránṣẹ́ náà lè fi ààlà sí iye tí yóò san lórí aago. Béèrè èyí kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì ka owó ibodè àti owó-orí ọjà, tí ó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ iye aago náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní òun kò ra aago láti wọ̀, pé òun ń tọ́jú rẹ̀ kí ó lè lówó lórí sí i ni, ọjà ni ó rà yẹn, sàká sì wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀nà Imam Maalik, ẹni tí ó ń dúró de ọ̀wọ́n, bí ó bá tà á lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yọ sàká ọdún kan lórí owó rẹ̀.

Nígbà tí aago bá dé, ya fídíò ìgbà tí o ń tú u láti orí èdìdì. Mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún aago ṣe láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Bí o bá rí àléébù tí kò sọ fún ọ, o ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí o sì gba owó rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ̀ tí o sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó, àwọn onímọ̀ yóò sọ pé o ti yọ́nú sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ayédèrú pátápátá, tí owó rẹ ti wọlé, má ṣe tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ojúlówó láti fi gba owó rẹ padà. Àdánù náà ti dúró lọ́dọ̀ rẹ. Kò sí ẹ̀tọ́ fún ọ láti gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá ní irú àdéhùn yìí lọ́wọ́ báyìí, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá lẹ́yìn ìrun, kí á jọ kà á kí owó tó jáde.