Gbin Igi, Bí Òkun Tilẹ̀ Ń Bọ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ilẹ̀ àti omi, tí ó sì fi wá ṣe àrólé lórí wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọmọ kéú kan ni ó fà á yọ ní Ùgbòńlá. À ń ka hadith tí Anas ọmọ Maliki gbà wá, èyí tí Imaamu Ahmad kọ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni Ànábì (s.a.w.) ti kọ́ wa pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnì kan tí ọ̀gbìn wà ní ọwọ́ rẹ̀, tí ààyè sì wà fún un láti gbìn ín, kí ó gbìn ín. Ọmọ náà na ọwọ́ sókè, ó ní, "Aáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ilé tí wọ́n bí mi sí, òkun ti gbé e lọ. Ibi tí bàbá mi kọ́ òmíràn sí, omi tún ti dé ẹsẹ̀ òpó rẹ̀. Kí ni èmi fẹ́ gbin igi fún?"

Àwọn ọmọ yòókù dákẹ́, èmi náà dákẹ́. N kò lè sọ pé aláìgbàgbọ́ ni. Ẹni tí nǹkan dùn ni. Èsì tí mo lọ rò fún un ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn.

ỌWỌ́ ÈNÌYÀN WÀ NÍBẸ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé etí òkun Ìlàjẹ yóò mọ̀ pé kò rí bíi ti Èkó. Ẹrọ̀fọ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, yanrìn kò tó nǹkan. Ìgbì a máa tètè fọ ẹrọ̀fọ̀ lọ, pàápàá níbi tí kò bá ti sí gbòǹgbò igi tí yóò dì í mú. Omi òkun gbogbo ayé náà sì ń ga sí i nítorí ooru tí ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi ní agbègbè Awóyè nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ọ̀nà náà di ilẹ̀kùn fún òkun. Omi iyọ̀ ya wọ inú igbó tí omi tútù ni ó mọ̀, àwọn igi ibẹ̀ kú, ẹja tí ń gbé abẹ́ wọn kò sí mọ́, ilẹ̀ sì di ohun tí ìgbì ń bù jẹ. Ní Ayétòrò, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún ìlú náà, ṣùgbọ́n omi kò yéé wọlé.

Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ nínú sura Ruum, ayah 41, pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó fa ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi, kí á lè tọ́ ìyà rẹ̀ wò, bóyá a ó padà. Ẹ kíyè sí ìparí rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà àtipadà, Ọlọ́hun kì bá tí dárúkọ ìpadà fún wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní kádàrá, kí ó wá ká ọwọ́ gbera.

INÚ ỌKỌ̀ KAN NÁÀ NI GBOGBO WA WÀ

Ó tọ́ kí á béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ àwọn tí ń wa epo. Ṣùgbọ́n àwa náà ńkọ́? Ta ni ó ń gé igi ẹ̀gbà ní bèbè odò láti fi yan ẹja? Ta ni ó ń da Gamalin tàbí oògùn apakòkòrò mìíràn sínú omi láti pa ẹja? Ta ni ó ń fi àwọ̀n olójú wínníwínní kó ọmọ ẹja tí kò tíì tó jẹ? Ta ni ó ń ju ọ̀rá sínú odò tí a fi ń ṣe àlùwàlá? Nínú hadith tí Abu Dawud kọ sílẹ̀, Ànábì (s.a.w.) kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe ya ìgbẹ́ sí ibi omi tí àwọn ènìyàn ń lò, sí ojú ọ̀nà, àti sí abẹ́ ìbòòji, nítorí ègún ni ó ń fà. Àwa tí a ń kọ́ ilé sórí omi ni hadith yìí kàn jù.

Hadith mìíràn tún wà tí Nu'maan ọmọ Bashiir gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Bukhari. Ó fi wá wé àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kan, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn kí wọ́n lè rí omi fà láìyọ ará òkè lẹ́nu. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dá wọn lẹ́kun, gbogbo wọn ni yóò là. Ọmọ Ìlàjẹ kò nílò aáfà tí yóò túmọ̀ èyí fún un! Ẹni tí ó gé ẹ̀gbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè ní ilé òun ni òun wà, ṣùgbọ́n ihò ni ó ń lù sí ọkọ̀ gbogbo wa.

ohun TÍ A LÈ ṢE

Gbòǹgbò ẹ̀gbà ni ilé ọmọ ẹja, edé àti akàn. Ó ń dí agbára omi kù, ó sì ń di ẹrọ̀fọ̀ mú. Èso rẹ̀ a máa hù lórí igi, a gùn bíi kóńdó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó tó já bọ́. Ẹ ṣa àwọn tí ó ti gbó, kí ẹ fi ìdí wọn gún inú ẹrọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n etí odò tí omi ti rọ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí. Bí ẹ bá gbìn ín sí iwájú ìgbì gan-an, òkun yóò fà á tu.

Ẹ gbin àgbọn, nítorí ó ń fara da iyọ̀. Ní ti ewébẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ó ti gbó wà káàkiri. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ kó ilẹ̀ dáadáa sí i, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata, kí ẹ sì máa fi omi òjò bu wọ́n. Bí ẹyẹ bá ṣa díẹ̀ jẹ níbẹ̀, ẹ má gbé e ṣépè. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ nínú ọ̀gbìn Mùsùlùmí, saara ni fún un.

Ẹ má sì ṣe é lẹ́yọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọ Holy Apostles tẹ Ayétòrò dó ní ọdún 1947, wọ́n pa owó àti iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì rí iná mànàmáná lò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò tíì ní in. Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n òótọ́ kò yẹ kí ó ṣòro fún Mùsùlùmí láti sọ: àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà. Aládùúgbò wa tí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọkọ̀ kan náà ni àwa pẹ̀lú rẹ̀ wà. Ẹ pè é sí iṣẹ́ yìí.

ÈSÌ FÚN ỌMỌ KÉÚ

Mo sọ fún ọmọ náà pé n kò lè ṣe ìlérí pé igi tirẹ̀ yóò dá òkun dúró. Odi líle wà tí ìjọba ni ó lágbára láti mọ. Ṣùgbọ́n Ànábì (s.a.w.) kò sọ pé kí á gbìn ín kí á lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ayé ń parẹ́ lójú rẹ̀ gan-an ni ó pàṣẹ fún. Ọ̀gbìn náà jẹ́ iṣẹ́ ẹrú fún Olúwa rẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun láti ìgbà tí ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀. Bí òkun bá gbé igi náà lọ ní ọdún mẹ́ta, akàn ti sá sí abẹ́ rẹ̀ rí, ẹyẹ ti bà lé e rí. Òkun kò lè gbé ìyẹn lọ.

Bí ó bá sì di dandan kí á kó lọ sí orí ilẹ̀ gíga lọ́la, ìwà tí a fi gbé ibí ni a ó kó dání lọ. Ẹni tí kò tọ́jú ilẹ̀ tí ó kéré, kí ni yóò fi èyí tí ó fẹ̀ ṣe?

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a gbin ogún èso ẹ̀gbà sí etí odò. Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ wọ ẹrọ̀fọ̀. Mẹ́ta ti kú nínú wọn, àwọn yòókù ti yọ ewé.

Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ wa, kí ó dáàbò bo ìlú wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí á wà lára àwọn tí ń lu ọkọ̀ níhò. Aamiin. Wa billaahi taofiik.