Ṣé Lóòótọ́ Ni Ọ̀yìngbò Kì Í Mọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ òwe yẹn: ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Àwa tá à ń gbé Ọ̀yìngbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ń ṣakọ, a ó ní kó jókòó sílé ẹ̀, ọjà á ná. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ti ọjà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ rò ni pé: ṣé ó yẹ kí ọmọ ènìyàn náà máa ṣe bí ọjà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èédú inú ilẹ̀. Ní 1909 ni àwọn òyìnbó rí i ní agbègbè Udi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Enugu ní 1915. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe la ọ̀nà rélùwéè láti Port Harcourt débẹ̀, tí ìlú fi dìde. Irú èédú yìí ló ń fa rélùwéè tó ń kó ẹrù wá sí Ìdó, nítòsí wa níbí. Òun náà ni wọ́n ń jó ní ilé iṣẹ́ iná Ìjọra tí wọ́n ṣí ní 1956. Iṣu tí wọ́n ń tà ní Ọ̀yìngbò nígbà yẹn, iná tó ń tàn ní Yaba, òógùn ẹni tó wọnú ilẹ̀ lọ ní Enugu wà ńbẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, àwọn awakùsà Iva Valley ń jà fún owó iṣẹ́ wọn, ọlọ́pàá yìnbọn, ènìyàn 21 kú. Nígbà tó yá, epo rọ̀bì dé, rélùwéè bọ́ sórí díísù, ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 tún da iṣẹ́ rú. Díẹ̀díẹ̀ ni ibi ìwakùsà dákẹ́. Àwa ní Èkó? A ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá.

Kì í ṣe wa nìkan o. Ní Greenland, nílẹ̀ yìnyín, ìlú èédú kan wà létí òkun tí ń jẹ́ Qullissat. 1924 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Denmark rí i pé kò pa owó wọlé mọ́, wọ́n tì í pa ní 1972, wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Ilé ṣófo.

Ẹlòmíràn á ní, kí ni ká wá ṣe? Ṣé kí ìjọba máa da owó sí kòtò torí pé bàbá ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ rí? Rárá. Kò sí iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà títí láé, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá rélùwéè padà sórí èédú nítorí àánú. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká da nǹkan méjì pọ̀: kéèyàn ti ibi iṣẹ́ pa, ọ̀tọ̀, kéèyàn pa òṣìṣẹ́ tì, ọ̀tọ̀.

Enugu fúnra ẹ̀ lẹ́rìí mi. Èédú lọ, ìlú ò lọ. Ọjà Ogbete ń ná, Enugu sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ ní 1991. Ìyẹn ni pé ìlú ju ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó lọ, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti bímọ, wọ́n ti sin òkú wọn síbẹ̀. Bí ìlú bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mélòó mélòó ni ènìyàn?

Lójú tèmi, gbèsè wà lọ́rùn ẹni tó jẹ èrè. Kó san owó ìfẹ̀yìntì pé. Kó bi ará ìlú léèrè kó tó sọ pé kí wọ́n kó lọ. Kó sì máa dárúkọ àwọn tó kú. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Ọ̀yìngbò lọ sí Agbado. Ó dáa, a wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ẹni tí òógùn ẹ̀ ń fà á.

Ọjà lè má mọ̀. Ọjà ò ní ọkàn. Ẹni tó bá rò ó sí ọ̀nà mìíràn, kó kọ tiẹ̀ wá ká jọ kà á.