Ìwà Ẹni Tó Ń Làjà

A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Tó bá jẹ́ ojú ogun la ti ń bọ̀ ńkọ́? Ní 1877 ni Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀. Ó di 1893 kí ó tó parí pátápátá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìbọn kọ́kọ́ dún ti tó gbé ìbọn fúnra rẹ̀.

Ìwà ló dá ogun náà sílẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń jẹ àwọn onílé níyà nínú ilé wọn, títí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi yọ idà. Ìgbéraga ló mú un pẹ́. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885, kò rí òpin rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips ti Oǹdó, pé kí wọ́n lọ làjà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní September 1886 kò parí gbogbo ogun náà, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni ní aṣẹ́gun. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira. Ìbàdàn mú Igbájọ, Ìrèsì, Ọ̀tan àti Àdá, ṣùgbọ́n ará ibẹ̀ tí kò bá fẹ́ sin Ìbàdàn láyè láti kó lọ. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Ẹni tó ronú kàn án rántí pé èèyàn ló ń gbé inú ìlú.

Ìwé kan náà ló ní kí Modákẹ́kẹ́, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, ṣí kúrò nílẹ̀ Ifẹ̀, lọ sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọn ò lọ. Ìjọba tú wọn ká ní 1909. Wọ́n padà wá. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn láàárín wọn àti Ifẹ̀ ní 1981, ó tún ṣàn ní 1997. Ifẹ̀ kò purọ́ pé àwọn ló ni ilẹ̀, pé àlejò ni wọ́n gbà. Àmọ́ inú ilé là ń sin bàbá ẹni sí. Gègé lè ṣí ìlú nípò lórí ìwé. Ta ni yóò gbé sàréè rù?

Ẹ̀yin tí wọ́n bá pè sí ìjà ilẹ̀ lọ́la, kí ẹ tó béèrè ibi tí ààlà wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n sin òkú sí.